Etí Ehoro Kò Gbọ́ Nǹkan Kan

Ẹni tó bá fẹ́ sọ àṣírí fún ẹni tí etí rẹ̀ ti ń wúwo, kó yáa pe gbogbo àdúgbò jọ, kó sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Àbúrò bàbá Etí Ehoro kò rò ó débẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó yọ́ wọlé wá, tó ti ilẹ̀kùn, tó fa aṣọ fèrèsé, tó wá tẹ ẹnu mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá wa ṣe é," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Hẹ̀n?" ni bàbá wí.

"Mo ní mo ti bá wa ṣe é."

"Ta ló ṣe kí ni?"

Àbúrò bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Bàbá tún ní hẹ̀n. Ó tún gbé e sókè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi ráyè wọ etí bàbá, igbe gidi ni arákùnrin yìí ń ké: "Mo ní iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, èyí tó ní ilẹ̀kùn búlúù. Mo ti dẹ oríkèé páìpù ibẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ọmọ yín fi ọ̀pá sí lọ́la. Mo ti ti omi títì náà pa, kí ilẹ̀ má baà tutù kí àwọn ará ìta wá rí i. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, màá lọ ṣí i padà."

Ìyàwó awakọ̀ tó ń ká aṣọ lórí okùn nílé kejì dúró gbagidi. Ọmọdé tó ń sunkún nílé kẹta, òun náà dákẹ́.

Inú yàrá ni Etí Ehoro wà, tó ń lọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbi ìdánwò ọ̀hún. Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó jáde sí pálọ̀.

"Bàbá kékeré, mo bẹ̀ yín lánàá pé ẹ má sọ ọ́ fún mi."

"Ṣé ìwọ ni mo sọ ọ́ fún? Bàbá ẹ ni mo sọ ọ́ fún. Bí ó bá wá ta sí ẹ létí, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ṣebí wọ́n ní etí ẹ mú."

Etí rẹ̀ mú lóòótọ́. Ó tóbi, ó sì mú, ohun tí wọ́n ṣe ń pè é ní Etí Ehoro nìyẹn láti ìgbà tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá ni pé kó máa gbọ́ omi lábẹ́ ilẹ̀. Bí páìpù ìjọba bá ń jò lábẹ́ títì tí ojú kò rí i, bàbá ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ó ní ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ga dé èjìká rẹ̀, orí ọ̀pá náà fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìdérí agolo. Yóò fi ìdí ọ̀pá kan ilẹ̀, yóò gbé etí lé orí rẹ̀, yóò di ojú. Bí ó bá ti ní "Níbí," kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ máa gbé ṣọ́bìrì bọ̀. Gbogbo ìsinmi ilé ìwé ni Etí Ehoro fi ń tẹ̀lé e kiri títì, tí òun náà ń gbé etí lé irin. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan sẹ́yìn, etí bàbá ti kọ iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ títì ibí, kí wọ́n gbẹ́ títì ọ̀hún, iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ wá ní kó fẹ̀yìn tì.

Ṣé ẹ rí i, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ omi ìjọba yẹn sílẹ̀, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ ló ń jókòó sí ìjókòó rẹ̀. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Àṣà ni, àṣà tó ti pẹ́ débi pé ó ti hu irùngbọ̀n. Ọmọ akọ̀wé di akọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kó tọ́. Ọmọ awakọ̀ di awakọ̀. Kódà ọmọ ọlọ́dẹ, ẹni tó jẹ́ pé bó bá jókòó báyìí ló sùn, ó di ọlọ́dẹ. Bí omi kò bá wá, àwọn ará ìlú á pariwo títí, wọ́n á rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á lọ gbẹ́ kànga. Ta ni wọ́n fẹ́ fi ẹjọ́ sùn? Mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn láti ẹnu géètì dé yàrá ọ̀gá.

Ọdún yìí ni ìjọba wá kéde lórí rédíò pé ó tó gẹ́ẹ́. Ipòkípò tó bá ṣófo lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbogbo ayé ni wọn yóò fi lọ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ ni o, ará ìta ni o, ẹni tó bá tó o ṣe ni kó wá ṣe é. Ìjókòó bàbá Etí Ehoro ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, "ará ìta" di èébú nínú ọgbà ilé ìjọba. Bí ọmọ méjì bá ń jà, wọn kò bú ara wọn ní ọ̀lẹ mọ́, ará ìta ni wọ́n ń bú ara wọn.

Ilé tí Etí Ehoro àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ilé ìjọba ni. Bí kò bá gba ìjókòó náà, wọ́n á kó jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ gbin òdòdó tó ti gun ògiri dé òrùlé.

"Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni àbúrò bàbá, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi, ń wí. Ó ti pariwo títí, kò rántí sọ ohùn kalẹ̀ mọ́. "Ọmọ akọ̀wé ń ṣe ìdánwò yìí, ọmọ awakọ̀ ń ṣe é, ìwọ náà ń ṣe é. Mo ti sọ fún gbogbo yín. Èyí tó bá wọlé nínú yín, tiwa ni. Ẹni tí mi ò fẹ́ fojú rí níbẹ̀ ni ará ìta yẹn, ọmọ fọganáísà tó ń lẹ táyà."

"Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ní ká kó ròde, bàbá kékeré, wọn ò ní ká kó irọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi etí mi mú un. Àbí ẹ rò pé etí ọmọ fọganáísà ju tèmi lọ ni?"

"Mi ò rò nǹkan kan. Òrùlé tó wà lórí ẹ yìí ni mò ń rò."

Ìyá rẹ̀ ti ilé ìdáná yọjú, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́. "Ọmọ mi, mi ò ní kí o jalè. O ò jí i, wọ́n jù ú lù ẹ́ ni. Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù."

"Màámi, wọ́n ti ti omi ọ̀hún. Ilẹ̀ wo ló fẹ́ tutù?"

Àbúrò bàbá rẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ́, ó ní ẹnu ọmọ yìí ni yóò kó bá a lọ́jọ́ kan, ó sì jáde. Bàbá ti ń wo ẹnu wọn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ó fa ọ̀pá rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi àkísà nù ún.

"Ta ló dán mi wò nígbà tèmi?" ó béèrè lọ́wọ́ irin náà. "Bàbá mi kú, wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá síṣẹ́. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń gbẹ́ títì aláìṣẹ̀ kí etí mi tó là. Omi ń ṣòfò, ìlú ń bú mi, owó oṣù mi ń wọlé." Ó gbé ọ̀pá náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Lọ sùn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ akọ̀wé àti ọmọ awakọ̀ ti dúró dè é ní ẹnu géètì. Ọmọ akọ̀wé wọ bàtà dídán tó ga, irú èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ pé títì ni òun fẹ́ rìn kò ní wọ̀.

"Ehoro, ṣé bàbá kékeré ẹ dé ọ̀dọ̀ yín?" ni ọmọ akọ̀wé bi í, tó ń ṣẹ́jú.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"A gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé wa kó tó dé etí bàbá ẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Etí Ehoro náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ awakọ̀ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má ṣe àṣejù o. Màmá mi ní o ń fa ìjàngbọ̀n lánàá. Ọ̀kan ṣoṣo ni àyè yìí, bó bá bọ́ sọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wa, ọgbà wa ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí ará ìta kan bá fi wọlé, ọ̀la ni wọ́n á fi ìjókòó bàbá tèmi lọ gbogbo ayé. Ojú wa ni wọ́n á ṣe máa mú wa lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Bí o bá lè wa ọkọ̀, kí lo ń bẹ̀rù?"

Ọmọ awakọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ọgbà ló mọ̀ pé ó ti wa ọkọ̀ ọ́fíìsì wọ gọ́tà rí, tí ẹnì kan kò sì bá a wí.

Ní iwájú ọ́fíìsì, ọmọ fọganáísà ti dé ṣáájú wọn. Kíláàsì kan náà ni òun àti Etí Ehoro jọ wà kí wọ́n tó jáde nílé ìwé gíga. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, dúdú táyà kò tán lábẹ́ èékánná rẹ̀ rí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló fi ń gbé etí sún mọ́ táyà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, tó ń wá ihò tí abẹ́rẹ́ dá sí i.

"Ọ̀pá bàbá ẹ rèé?" ó bi í. "Wọ́n yá mi ní ọ̀kan níbí, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ omi tó ń jò yàtọ̀ sí omi tó ń lọ jẹ́jẹ́?"

Ó yẹ kí Etí Ehoro dákẹ́. Ọmọ akọ̀wé ń fi ojú pa á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti ń gbóná láti àná. "Èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́ ń mí bí ẹni tó sùn," ó wí. "Èyí tó ń jò ń ráhùn. Bí o bá ń sún mọ́ ọn, ìráhùn yẹn á máa le sí i. Bí o bá ti kọjá ẹ̀, á dín kù. Padà sẹ́yìn díẹ̀."

"O ṣeun. Kí ló dé tí o ń sọ ọ́ fún mi?"

"Kí o má baà sọ pé inú òkùnkùn ni mo ti nà ẹ́."

Ẹni tó wá dán wọn wò ti olú ilé iṣẹ́ wá. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì nínípọn ni, tó ń rìn bí ẹni tí kò ní àsìkò fún ìkíni gígùn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́, láti orí ọ̀gá dórí ọlọ́dẹ, wọ inú gbọ̀ngàn lọ jókòó. Ó ní òun kò fẹ́ rí òṣìṣẹ́ kankan ní títì títí ìdánwò yóò fi parí. Ó mú awakọ̀ tirẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Láti ojú fèrèsé, Etí Ehoro rí àbúrò bàbá rẹ̀ tó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ yọjú síta díẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe níta?"

"Inú ń run mí."

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn níbẹ̀. Mo ti wò ó, ó mọ́."

Àbúrò bàbá jókòó padà. Òógùn bò ó, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Etí Ehoro rò pé inú ń run ún lóòótọ́ ni.

Títì tí wọn yóò ti ṣe ìdánwò náà gùn, ó sì tọ́. Obìnrin onígíláàsì ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀. Ó ní lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò bá òun rìn, kí àwọn tó kù dúró sábẹ́ igi ní ìbẹ̀rẹ̀ títì kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Ọmọ akọ̀wé kọ́kọ́ lọ. Kò pẹ́ tó fi padà, ó ń fi bàtà dídán rẹ̀ jó. Ọmọ awakọ̀ tẹ̀lé e, òun náà kò pẹ́. Ó wá kan Etí Ehoro.

Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àmì funfun. Ó gbé etí lé e, ó di ojú bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún gbé etí sí i. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó ń kọjá. Ó gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ láti òkèèrè. Lábẹ́ ilẹ̀, ohun gbogbo dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Páìpù tó lómi nínú kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò rárá.

Ó dé iwájú ilẹ̀kùn búlúù. Ó gbé etí lé e, ó sì dúró pẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ náà.

Ìgbà yẹn ló rántí ọwọ́ tó nà sókè nínú gbọ̀ngàn àti òógùn ojú àbúrò bàbá rẹ̀. Kò ráyè jáde. Kò tíì ṣí omi padà. Páìpù gbẹ táútáú láti àná.

Obìnrin onígíláàsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà fún yín, kí ẹ má baà rò pé ó rọrùn. Bí ó bá ní "Níbí," wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sì bá oríkèé tó dẹ̀. Irọ́ náà yóò ní ẹlẹ́rìí tó dá ṣáká. Bí ó bá sì sọ òótọ́, yóò dà bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ó rí òdòdó ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, ó rí i bí wọ́n ṣe ń fà á ya kúrò lára ògiri. Ó gbé etí kúrò lórí irin.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú? Àwọn tó ti kọjá gbọ́ ọ kedere. Ọ̀kan ní ó ń ṣe ṣìì. Èkejì ní ó ń ta bí ẹni ń dín nǹkan."

"Ẹ bá mi bi í pé iná wo ló fi ń dín in. Kò sí omi nínú páìpù yìí."

Obìnrin náà yọ gíláàsì rẹ̀. Etí Ehoro kò dúró kó tún bi í. Ó kan ilẹ̀kùn búlúù, télọ̀ sì yọjú pẹ̀lú okùn ìwọ̀n lọ́rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí ẹ̀rọ omi yín."

"Ẹ̀rọ wo? Àti àná ni kò ti sí omi. Mo lọ pè wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n ní sùúrù. Sùúrù ni mo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí." Ó yí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ húkọ́, ó tu afẹ́fẹ́ jáde, ó dákẹ́.

Obìnrin onígíláàsì wo ẹ̀rọ, ó wo ọmọ. "Ó ní ìdí tí àwọn yẹn fi dúró sí ojú kan náà. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Wọ́n pariwo ẹ̀ sínú ilé wa. Àbúrò bàbá mi ló dẹ oríkèé ibẹ̀, òun náà ló ti omi pa. Ẹ má rò pé òun nìkan ni. Gbogbo ọgbà ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún gbogbo èèyàn, wọ́n á rí i pé àwọn tó wà nínú ilé ò mọ̀ ju àwọn tó wà níta lọ."

"Àwọn tó wà nínú ilé ńkọ́, ṣé ìwọ kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn?"

"Èmi ni. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Obìnrin náà kò rán ẹnikẹ́ni lọ ṣí omi. Ó kọ́kọ́ pe ọmọ fọganáísà, ó mú un rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àmì dé òpin rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọmọkùnrin náà tó na ẹ̀yìn. Ojú tì í díẹ̀.

"Ẹ má bínú mà," ó wí. "Ní ṣọ́ọ̀bù wa, táyà tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀ kì í jò. Ẹ kọ́kọ́ fún un lómi ná."

Ọ̀rọ̀ tú síta. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ní kí àbúrò bàbá lọ jókòó sílé, wọ́n sì ti lé ọmọ akọ̀wé àti ọmọ awakọ̀ kúrò nínú ìdánwò. Títì mìíràn ni wọ́n mú ọmọ fọganáísà lọ, níbi tí páìpù kan ti ń jò lóòótọ́. Ó gbọ́, ó kọjá rẹ̀, ìráhùn náà dín kù, ó padà sẹ́yìn, ó ní "Níbí." Wọ́n fún un ní iṣẹ́.

Etí Ehoro kò bá wọn dé títì kejì yẹn. "O sọ òótọ́, mo yìn ẹ́," ni obìnrin onígíláàsì sọ fún un lójú gbogbo òṣìṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn. "Ṣùgbọ́n o ti mọ̀ láti àná pé wọ́n ti ba ìdánwò jẹ́, o sì dákẹ́ títí a fi dé ojú páìpù. Ẹni tó gbọ́ ìdáhùn kí ìbéèrè tó dé kò lè jókòó ṣe ìdánwò yìí mọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí ta á lára bí omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kò rí irọ́ kankan nínú rẹ̀. "Mo gbà, mà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí àyè bá tún ṣófo lọ́jọ́ mìíràn, ṣé ẹ ṣì máa fi lọ gbogbo ayé?"

"Ó ti di òfin."

"Ẹ máa rí mi."

Ìyàwó awakọ̀ ló pàdé rẹ̀ ní ẹnu géètì ọgbà, òun àti àwọn obìnrin mìíràn. "Ọ̀dàlẹ̀," ó wí. "O ta ilé bàbá ẹ fún ará ìta."

"Ẹ kúulé mà. Bí ilé náà bá jẹ́ ti bàbá mi, kò sẹ́ni tó lè tà á. Ti ìjọba ni. Ti télọ̀ tó fi sùúrù wẹ̀ láàárọ̀ yìí ni. Àwa la ṣèèṣì sùn nínú ẹ̀ pẹ́ títí tí a fi rò pé àwa la kọ́ ọ."

Nínú ilé, ìyá rẹ̀ ti gbọ́, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lérí. Bàbá nìkan ni kò tíì mọ nǹkan kan. Ó ní, "Báwo ló ṣe lọ?"

"Mi ò rí i gbà, bàbá."

"Hẹ̀n?"

Etí Ehoro sún mọ́ ọn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, àwọn obìnrin ṣì dúró níta. Kò ti fèrèsé. Ó fi gbogbo ọ̀fun rẹ̀ sọ ọ́: "Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Páìpù gbẹ. Bàbá kékeré ò ráyè ṣí omi. Mo sọ fún wọn pé mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Bàbá wò ó. "Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ń dún."

"Páìpù gbígbẹ?"

"Páìpù gbígbẹ."

Ẹ̀rín mú bàbá. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì yéni mọ́ bóyá ẹ̀rín nìkan ni. "Wọ́n ní etí mi kú," ó wí. "Èmi tí etí mi kú, mi ò gbọ́ omi nínú páìpù gbígbẹ rí." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Dìde, ká bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ge ẹ̀ka kan lára òdòdó yẹn dání. Á hù níbikíbi."

Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọganáísà ni wọ́n kó lọ. Ó há, ó gbóná, táyà sì ń rùn níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Oṣù tó tẹ̀lé e kò dùn rárá. Àbúrò bàbá kò wá kí wọn. Ìyá rẹ̀ bá a yan odì fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ láìsọ̀rọ̀, títí ẹ̀ka òdòdó fi yọ ewé tuntun nínú agolo lójú fèrèsé. Ọjọ́ yẹn ló pè é pé kó wá wò ó.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ọmọ fọganáísà máa ń gbé ọ̀pá ìjọba bọ̀, bàbá á sì kó òun àti Etí Ehoro jáde sí títì. Bí wọ́n bá ní "Níbí," bàbá á fi eyín di orí ọ̀pá mú, á dúró jẹ́ẹ́ títí irin yóò fi máa gbọ̀n lẹ́nu rẹ̀. "Etí ló kú," á wí. "Eyín ò tíì kú." Bí wọ́n bá ṣì í, á ní kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ títì.

Ọdún yípo. Iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹnì kan, ìjọba ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn kún un, wọ́n sì tún kéde rẹ̀ lórí rédíò. Láàárọ̀ ìdánwò, Etí Ehoro gbé ọ̀pá bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ omi. Ọmọ akọ̀wé dúró níbẹ̀, ó wá fi ara hàn kí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ lè rí i.

"Ará ìta," ó wí, "kí lo wá wá síbí?"

Ní àtijọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá gún un. Ká ní àṣà àtijọ́ ló ṣì wà, kò sí bí òun tí kò gbé inú ọgbà mọ́ ì bá ṣe gba géètì yẹn kọjá láéláé. Ó dúró, ó wò ó láti orí dé bàtà dídán rẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Àwa ni wọ́n ṣí géètì fún."

Títì tí obìnrin onígíláàsì mú un lọ gùn ju ti àkọ́kọ́, àwọn ọkọ̀ sì ń kọjá níbẹ̀. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó di ojú. Lábẹ́ ariwo ọkọ̀, páìpù ń mí. Ó rìn. Ó rìn. Ní ẹ̀gbẹ́ òpó iná kan, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ó kọjá rẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀.

"Níbí."

Wọ́n gbé ṣọ́bìrì dé. Kò pẹ́ tí ilẹ̀ fi di ẹrọ̀fọ̀, tí omi sì fọ́n lu gbogbo wọn lára, àti gíláàsì obìnrin náà. Ó gba iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mú kúrò níbí kò fara sin bíi páìpù. Ìjókòó tí wọ́n bá gbé fún yín nítorí pé ọmọ lágbájá ni yín, ẹ̀rù ni ẹ ó máa fi jókòó sórí rẹ̀, ẹ ó sì máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ tì síta. Bí gbogbo ẹgbẹ́ yín bá sì ní àwọn gbọ́, tí etí yín kò gbọ́, ẹ sọ ọ́ síta pé ẹ ò gbọ́.